Nígbà Tí Sàba Gbàgbé Tòlótòló

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin, 2025

Yínúsà dé láti Epinmi kí oòrùn tó mú. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan lórí ọ̀kadà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun bá ọlọ́kadà jà lọ́nà pé kó yéé wọ kòtò. Ẹyin tòlótòló méjìdínlógójì ló kó wá. Méjì ti sán. Mo fẹ́ dá wọn padà fún un, ó ní kí n fi dín ẹyin fún ìyá ọkọ mi.

"Ìyá Awwal, ẹ bá mi fojú tó wọn o. Akọ wa ti kú."

Mo rò pé àìsàn tó wọ agbo rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ti tán. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Akọ yìí ṣì na ìyẹ́ lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ó ń halẹ̀ mọ́ àlejò. Nígbà tí wọ́n fi kírun tán lọ́jọ́ kejì, ó ti na ẹsẹ̀. Abo mẹ́fà ló kù. Bàbá bàbá Yínúsà ló ti ń sin ìran tòlótòló yìí bọ̀. Funfun ni wọ́n, àyà wọn fẹ̀, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí olè sún mọ́ ilé.

Mo nu ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sí àtẹ òkè nínú Sàba, ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin. Mo tẹ bọ́tìnnì kẹta, ti tòlótòló. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Bísímílà.

Àtàláátà, 8

Òjò. Ó ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé-kéwú Bàbá Awwal. Wọ́n ti mú iná lọ láti àná, bátìrì sólà ló ń gbé ẹ̀rọ. Ooru 37.5, kò yẹsẹ̀. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, dúró níwájú gíláàsì, ó ń wo bí àtẹ ṣe ń rọra dagun sọ́tùn-ún, tó tún ń dagun sósì. Ó ní, "Àgbébọ̀ tí kì í jẹ àgbàdo rèé."

Àbámẹ́ta, 12

Mo kó ẹyin adìyẹ tèmi sí àtẹ ìsàlẹ̀ lónìí. Tòlótòló ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣíwájú adìyẹ, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò pa, 3 oṣù karùn-ún, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Safinat pè láti Ìkàrẹ́. Òun náà ń pa ẹyin fún àwọn èèyàn, Sàba bíi tèmi ló ń lò. Ó ní ẹ̀rọ òun béèrè lórí fóònù bóyá kó sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, òun sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó rẹwà o, ṣùgbọ́n mi ò rí bọ́tìnnì kankan mọ́."

"Pe Akíndèjì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Akíndèjì wo? Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń pe orúkọ yẹn."

Ó dùn mí díẹ̀. Èmi ni mo mú Safinat ra ẹ̀rọ náà. Nígbà tí Akíndèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Sàba sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé tèmi wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan fi okùn so. Ó sùn nílé wa títí ẹyin àkọ́kọ́ fi pa. Ohun tí mo bá ráhùn lé lórí, kò ní í jiyàn, á lọ tún un ṣe. Èmi ni mo ní kó fi tòlótòló sí i. Lọ́dún kejì Safinat ní kó fi awó sí i, ó fi sí i.

Àlàrùbá, 16

Mi ò tẹ nǹkan kan. Mi ò gba nǹkan kan láyè. Mo jí, ojú ẹ̀rọ ti ṣófo: kò sí ooru, kò sí ọ̀rinrin, kò sí ọjọ́. Bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Gbogbo rẹ̀ ti kó lọ sínú fóònù. Mo ṣí fóònù, ọmọ adìyẹ kan tó dé fìlà ń ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ó ń lọ dáadáa! Ọjọ́ kọkànlá nínú mọ́kànlélógún.

Mọ́kànlélógún. Adìyẹ ló pe gbogbo wọn. Mo wá ibi tí mo ti lè sọ fún un pé tòlótòló ni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni: Àwọn ẹyẹ mìíràn ń bọ̀ láìpẹ́.

Mo wá tẹmọ́mítà àtijọ́ jáde, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ. 37.6. Àlùhámúdùlíláì.

Àlàmísì, 17

Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ Sàba, tí èèyàn máa ń gbé tẹ́lẹ̀, ohùn ẹ̀rọ ló ń dáhùn báyìí. Ó ní kí n kọ̀wé sórí Wáàsáàpù. Mo kọ ọ́ pé, Ẹ jọ̀ọ́, ẹyin tòlótòló ló wà nínú ẹ̀rọ mi. Èsì dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n kí mi kú ọdún Àjíǹde, wọ́n sì fi bí a ṣe ń dín tòlótòló ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá Awwal rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó yá, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Àlàásárì, ọmọbìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì wọn. Ó ní Success lorúkọ òun. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Mà, mo rí i níbí pé ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò mọ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, mà?"

"Tòlótòló. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni tòlótòló ń gbà. Ẹ̀rọ yín fẹ́ fún un ní mọ́kànlélógún."

Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ nǹkan. "Mi ò rí tòlótòló nínú ohun tí mo lè yàn níbí, mà. Ṣé kí n kọ ọ́ sí abẹ́ 'Òmíràn'?"

"Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi. Ṣáà sọ fún wọn kí wọ́n yára."

Àbámẹ́ta, 19

Mo pa fèrèsé dé, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àwọn tòlótòló wò. Méjì ṣófo. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kù dára: iṣan pupa ta káàkiri bíi gbòǹgbò, ojú dúdú kan láàárín, ọ̀pọ̀ wọn sì ń mira. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí mo ṣe ń kó wọn padà ni Yínúsà pè. Mo kọ́kọ́ gbọ́ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ fi èdè Epinmi sọ̀rọ̀ kó tó bọ́ sí Yorùbá.

"Àwọn abo ti tán."

"Mélòó?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Dókítà ẹran ní ká sun wọ́n, ká má sì kó ohun ọ̀sìn kankan wọ ibẹ̀ títí oṣù tó ń bọ̀ yóò fi parí. Ohun tó kù ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

Mo sọ fún un pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ní ọmọ nínú. Ó ní, "Àmín," bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ṣàdúrà. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún un.

Àìkú, 20

Safinat pè. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò mọ̀. Lánàá, nígbà tó lọ sí ìkómọ, ọmọ adìyẹ inú fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ní, Ẹ kú oríire! Ó rò pé ìpolówó ni. Nígbà tó délé, ẹ̀rọ ti paná ara rẹ̀. Ẹyin awó tí wọ́n kó wá fún un láti Sosan, tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó pa, ti tutù bí òkúta inú odò. Ó la ọ̀kan wò. Ìyẹ́ ti pé lára rẹ̀.

"Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó ni ín," ó wí.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí tèmi náà nìyẹn. Ọjọ́ Àlàrùbá ni ẹ̀rọ yóò dẹ́kun yíyí ẹyin. Ọ̀sán Àìkú tó ń bọ̀, ọjọ́ kan lẹ́yìn mọ́kànlélógún, ni yóò kí mi kú oríire, tí yóò sì paná.

Àtìní, 21

Success pè. Ó ní wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ mi, tòlótòló àti awó yóò padà sínú ẹ̀rọ ní oṣù keje.

"Ẹyin tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó tún ní oṣù keje.

Mo bi í bóyá mo lè dá ẹ̀rọ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe. Bí mo bá ní kí ẹnì kan ṣí i? Ó ní bí wọ́n bá já èdìdì ẹ̀yìn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kò ní í mọ̀ ọ́n mọ́, kò ní í tún un ṣe, kò sì ní í bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ láé. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, wọ́n ní àwọn tó ń lo ńlá bíi tiyín ò pọ̀ mọ́. Kékeré lèèyàn ń rà."

"Kékeré wo?"

"Ti pálọ̀. Ẹyin mẹ́fà ló ń gbà. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀."

Ìyá gbọ́. Ó wé gèlè, ó jáde. Ilé bíi mẹ́jọ ló wọ̀ ládùúgbò kó tó rí àgbébọ̀ kan tó ń sàba. Ó gbé e wá tòun ti igbá, a kó ẹyin méje sábẹ́ rẹ̀. Kò gbà ju méje lọ, ó sọ èkẹjọ nù fún wa pẹ̀lú ìbínú. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù nínú ẹ̀rọ.

Àlàrùbá, 23

Ó dúró. Àtẹ kò dagun mọ́. Fóònù ní: Àwọn ọmọ yín ń múra àtijáde! Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Bí a kò bá yí ẹyin, ọmọ yóò lẹ̀ mọ́ èèpo. Nítorí náà mo ń fọwọ́ yí i, lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan: Àsùbáà, Àìlà, Àlàásárì, Màgáríbà, Ìṣáì. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, kí n yí ti òkè, kí n yí ti ìsàlẹ̀, kí n tì í kí ooru tó sá tán. Ìyá ti gba Àìlà àti Màgáríbà lọ́wọ́ mi. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ti ń yí wọn. "Ìwọ, dojú bolẹ̀. Ìwọ, mo ti yí ọ, má tàn mí."

Àlàmísì, 24

Ẹ̀rọ tún ń fọ́n omi jù, gíláàsì ń làágùn. Mo da omi inú abọ́ nù. Oúnjẹ adìyẹ ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ra ìlàjì àpò.

Mo gba Ìkàrẹ́ lọ, mo yà sọ́dọ̀ Israel tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti fíríjì ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun lè yọ ọpọlọ Sàba kúrò, kóun fi èyí tó ń ṣọ́ ooru lásán rọ́pò rẹ̀, kóun sì so ohun tí yóò máa yí àtẹ mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yọ ọ́, ó ti yọ nìyẹn, mà. Ẹ ronú sí i."

Mo ronú sí i títí mo fi délé. Bàbá Awwal bi mí pé kí ni mo ń dúró dè. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ni mo ti ń fi ẹ̀rọ yìí hàn, bí ẹni fi ọmọ tó gboyè hàn. Mo ti dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ní Ìkàrẹ́, mo sọ fún ogún èèyàn pé ọmọ wa ló ṣe é, pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Mo fẹ́ kó tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìwọ lo ni ẹ̀rọ ni," ó bi mí, "àbí ẹ̀rọ ló ni ọ́?"

Jímọ̀, 25

Bàbá Awwal kírun Jímọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó mú ìròyìn dé. Àwọn ará Sàba ń bọ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́la, wọ́n fẹ́ fi àpótí kékeré ti pálọ̀ yẹn han àwọn aráàlú. Àwòrán Akíndèjì wà lára pátákó. Mo ní n ó lọ.

Àbámẹ́ta, 26

Mo yí ẹyin tán lẹ́yìn Àsùbáà, mo fi ìyókù lé Ìyá lọ́wọ́, mo wọkọ̀ lọ Ìkàrẹ́. Safinat ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn. Wọ́n fi bàlúù ṣe gbogbo ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Àpótí kékeré náà wà lórí tábìlì, ó ń tàn bíi fìtílà, ẹyin mẹ́fà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá kó ọmọ wá, wọ́n ń ya fọ́tò. Ó dára, mi ò ní í purọ́. Ọmọdébìnrin kan lẹ imú mọ́ gíláàsì rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dénú.

Akíndèjì rí mi kí n tó débẹ̀. Irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn tó bá a wá láti Èkó.

"Ìyá Awwal! Ẹ wò ó, ìyá wa rèé. Àwọn ló kọ́ mi ní ohun tí ẹyin ń fẹ́."

Ẹnì kan gbé kámẹ́rà sókè. Wọ́n fi àpótí kékeré lé mi lọ́wọ́ pé kí n rẹ́rìn-ín. Mo gbé e padà sórí tábìlì.

"Akíndèjì, tòlótòló mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà nínú ẹ̀rọ mi. Lọ́sàn-án ọ̀la, ẹ̀rọ rẹ yóò paná mọ́ wọn lórí."

"Tòlótòló? Ṣebí ó wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì kẹta."

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà dání, tí wọ́n ń pè ní Anwar. Wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀. Mo rí i bí ojú Akíndèjì ṣe ń yí padà. Kò mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, ǹ bá bínú, ara á sì tù mí.

Safinat kò pariwo. Ó ní, "Ẹ bá mi béèrè ti awó náà. Tèmi ti kú."

Nígbà tó di lẹ́yìn Àìlà, Akíndèjì fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Ìyá bu omi fún un, ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní, "O ti sanra. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn?" Ó ní wọn kì í jẹ́ kóun sùn. Ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn rẹ̀ bí a ti ń fọwọ́ lé orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó pe Èkó. Ó tún un pè. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ó padà wá.

"Ìyá Awwal, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi di Mọ́ńdè. Mọ́ńdè ni àwọn tó lè tú u yóò wọṣẹ́."

"Ẹyin kì í dúró de Mọ́ńdè, Akíndèjì."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ lo dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ò tó wọn létí ni?"

Ó jókòó sórí àga ìdáná Ìyá. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Àwọn tó fowó kún un ló ń darí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n bi mí nípa ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà pẹ̀lú wa látìbẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ ó ní sùúrù. Mo ní ẹ̀yin ò ní í lọ síbì kankan."

Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ka ìfẹ́ wa sí nìyẹn. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "A ní sùúrù lóòótọ́. Àwọn ẹyin ni kò ní."

Mo mú fóònù, mo pe Israel.

Akíndèjì jáde. Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó ti lọ. Israel dé, ó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi àti Ìyá kó ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, a sì fi ìgò omi gbígbóná yí i ká. Israel já èdìdì náà. Ó wá fi sukurudíráfà kan ìdè àkọ́kọ́.

"Ẹ má tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Akíndèjì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká apá ẹ̀wù sókè. "Wáyà ooru gba ẹ̀yìn pátákó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, wọ́n forí kan orí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Èyí?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Pupa yìí ńkọ́?" "Ti fáànù ni, ẹ fi í sílẹ̀." Kí Àlàásárì tó kọjá, ooru ti padà sí 37.5, àtẹ sì ti dagun fúnra rẹ̀. Ìyá ní, "Háà." A kó ẹyin padà síbẹ̀.

Pátákó tí wọ́n yọ jáde, ọpọlọ Sàba, wà nílẹ̀. Akíndèjì mú un, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi í sápò. Ó ní òun ò ní í jẹun. Ìyá gbé iyán síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó fẹ́ wọkọ̀, mo bi í pé, "Bí wọ́n bá bi mí léèrè ẹni tó ṣí i, kí ni kí n wí?"

"Kò sẹ́ni tó máa bi yín," ó wí. "Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Àìkú, 27

Ọ̀rọ̀ kan wọ fóònù mi lówùúrọ̀: Ẹ̀rọ yín kò sí lára ẹbí Sàba mọ́. Ọmọ adìyẹ tó dé fìlà ń sunkún lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, mo gbé àga síwájú ẹ̀rọ, mo jókòó tì í. Mo ń retí kó paná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò sí ohun tó lè pa á mọ́. Òjò rọ̀, òjò dá. Kò paná. Mo dìde lọ gúnyán.

Àlàrùbá, 30

A dá yíyí dúró lónìí, bó ṣe yẹ. Mo da omi sí abọ́. Yínúsà pè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ǹ bá wá bá yín yí i."

Jímọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Mo fi etí sí i lẹ́yìn Àsùbáà. Wọ́n ń kànkùn.

Àbámẹ́ta, 3

Ogún pa nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n inú ẹ̀rọ. Àgbébọ̀ Ìyá pa mẹ́fà nínú méje, kò sì yéé sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Méje inú ẹ̀rọ kò jáde. Mo la mẹ́ta nínú wọn: ẹ̀gbẹ́ kan ti lẹ̀ mọ́ èèpo. Àwọn ọjọ́ tí mo fi ń fọwọ́ yí i ló fà á. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá ara mi jà. Adìyẹ tèmi pa dáadáa, mi ò tíì kà á.

Yínúsà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo, nítorí kò tíì lè kó wọn lọ sí Epinmi. Ó ní òun kàn fẹ́ rí wọn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí mo tan gílóòbù sí, ó mú ọ̀kan, ó gbé e sétí, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Akọ mélòó ló wà nínú wọn?" Ìyá bi í.

"Ìyá, a ò lè mọ̀ báyìí. Ó di bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀."

"Ṣé ọ̀kan á wà ṣá?"

"Nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Á wà." Ó nu ojú. "Á ju ọ̀kan lọ."

Àtìní, 5

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́sìn ní Ìkàrẹ́. Safinat dìde, ó sọ ti awó tó kú. Èmi náà dìde. Àwọn tí mo ti sọ fún nígbà kan pé kí wọ́n ra Sàba ni mo kọjú sí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má rà á nítorí ọ̀rọ̀ mi mọ́, kí ẹni tó bá sì ní in lọ bá Israel kó tó kó ẹyin tó yàtọ̀ sí ti adìyẹ sínú rẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bú mi. Bàbá kan ní ẹ̀yìn ló ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ ọ́." A lọ kí ẹni Sosan tó ni awó. Kò bá Safinat jà. Ó ní àwọn awó òun ṣì ń yé.

Àlàmísì, 8

Ọ̀kan kú lọ́jọ́ Àìkú, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù. Fóònù dún nígbà tí mo ń fún wọn lóúnjẹ. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni.

"Mà, Success ni. Fóònù tara mi ni mo fi pè yín, kì í ṣe ti ọ́fíìsì."

"Ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà. Ẹ̀rọ yín ti kúrò lára àwọn tí mo ń rí. Mo ń wá a. Ṣé wọ́n pa?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pa."

"Mo kọ̀wé sí wọn nípa yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kà á."

"O káre, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí? Mi ò rí ọmọ tòlótòló rí."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ wọn gùn ju ara wọn lọ, pé wọ́n ń rìn bí ẹni wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní wọn ò gbọ́n rárá. Ebi lè pa wọ́n kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìka kan oúnjẹ náà, kọ́, kọ́, kọ́, níwájú wọn, kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ṣeé jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé òun lè gbọ́ ohùn wọn.

Mo tẹ́ fóònù sí àárín wọn, mo fi ìka kan ojú rẹ̀. Gbogbo wọn sáré wá, wọ́n bò ó.

"Mà? Mà, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Àwọn ni," mo pariwo láti òkè. "Wọ́n rò pé oúnjẹ ni ọ́."